Bí Àwòdì, Àṣá tàbí Òwìwí Bá Ń Bá Yín Gbé Àdúgbò

Tí ẹyẹ apẹranjẹ bá ti bà sórí ògiri ọgbà, òkúta ni ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ́kọ́ wá. Tó bá jẹ́ òwìwí ló ké lórí òrùlé lóru, jìnnìjìnnì á bo gbogbo ilé títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fara balẹ̀, ká wo ohun tó gbé ẹyẹ náà wá, torí kò sí èyí tó ń ṣàbẹ̀wò lásán nínú wọn. Eku ló rí, tàbí alángbá, tàbí ìfun ẹran tí a dà sẹ́yìn ilé ìdáná, tàbí òròmọdìyẹ tí kò ní ibi sá sí. Ẹ tún ọgbà ṣe, ìwà ẹyẹ náà á yí padà. Tí ẹ bá pa á, tí oúnjẹ sì wà níbẹ̀, òmíràn á wá gba ipò rẹ̀, ẹ ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ mọ ẹni tó dé

Orúkọ kan náà, àṣá, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pe gbogbo wọn. Kò burú, àmọ́ ohun tí ẹ máa ṣe yàtọ̀ láti orí ọ̀kan sí èkejì.

Àwòdì ló pọ̀ jù nínú ìlú. Àwọ̀ búráùn ni ara rẹ̀, àgógó ẹnu rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ẹnu ìrù rẹ̀ sì là sí méjì. Ẹ wo ìrù yẹn nígbà tó bá ń rà bàbà lókè: á máa yí i sọ́tùn-ún, á yí i sósì, òun ló fi ń darí ara rẹ̀ láì ju apá rárá. Nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, láàárín oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá, ni wọ́n máa ń ya wọ gúúsù. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń yé tí wọ́n sì ń pamọ lọ́dọ̀ wa, tí òjò bá sì ti fìdí múlẹ̀, wọ́n á forí lé apá àríwá. Àwòdì tó ń re Ìbarà, tí ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́, tó ní iṣẹ́ kúkú yá: ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí ti wo ẹyẹ náà dáadáa, torí bó ṣe ń fi ẹ̀fúùfù rìn náà nìyẹn.

Bí apá rẹ̀ ṣe gùn tó nì, ìwọ̀n rẹ̀ kì í sábà tó kílógírámù kan. Kò lè gbé ọmọ ọwọ́, kò lè gbé ewúrẹ́, àgbà adìyẹ pàápàá wúwo jù fún un. Òròmọdìyẹ ló lè gbé, àti eku, àti ẹja, àti ègé ẹran orí igbá. Mo sọ èyí nítorí àwọn ìyá tí kì í lè tẹ́ ọmọ sórí ẹní lábẹ́ igi mọ́ nígbà tí àwòdì bá dé.

Àṣá kékeré tí kò ju ẹyẹlé lọ, tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí eérú, tí ilà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ wà ní àyà rẹ̀, tí ojú rẹ̀ sì pọ́n, yàtọ̀ sí àwòdì. Inú igi ló máa ń fara pamọ́ sí, á sì já wálẹ̀ lójijì. Alángbá ló ń jẹ jù, àmọ́ kì í fi òròmọdìyẹ sílẹ̀. Òmíràn wà tó fẹ́ jọ ọ́, àmọ́ ọ̀fun rẹ̀ funfun, ilà dúdú kan ṣoṣo sì gba àárín ọ̀fun náà kọjá. Àtalángbá àti kòkòrò ni tirẹ̀, kì í da adìyẹ láàmú bẹ́ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Òwìwí tó ń gbé inú àjà ilé ni èyí tí ojú rẹ̀ funfun báláú, tí abẹ́ ara rẹ̀ náà sì funfun. Igún ni ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀, orí rẹ̀ pá, ó sì máa ń fẹsẹ̀ rìn nílẹ̀ ní odò ẹran. Màá padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́

Tó bá jẹ́ pé àwọn òròmọdìyẹ wà níta, ẹ pariwo, ẹ pàtẹ́wọ́, ẹ jáde sí gbangba kí ẹyẹ náà rí yín. Ìyẹn ti tó. Ẹ má ju òkúta, torí ojú àwọn ọmọ tó ń sáré kiri lòkúta máa ń bà sí. Tí kò bá sí òròmọdìyẹ níta, ẹ dúró jẹ́ẹ́ kí ẹ máa wò ó. Ibo ló kọjú sí? Ohun tó ń wò lẹ́ ń wá. Lọ́pọ̀ ìgbà ẹ ó rí i pé ihò eku lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ló ń ṣọ́, tàbí garawa ìdọ̀tí tí kò ní ìdérí.

Bí ẹ ṣe máa dáàbò bo òròmọdìyẹ

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ àkọ́kọ́ ni ewu àwòdì pọ̀ jù. Kí ẹ tó dá ẹyẹ lẹ́bi, ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀rí tó wà nílẹ̀. Àwòdì á gbé òròmọdìyẹ lódindi lójú ọ̀sán, kò ní fi nǹkan kan sílẹ̀. Àṣá kékeré sábà máa ń tu ìyẹ́ ohun tó bá pa, ẹ ó rí òkìtì ìyẹ́ lábẹ́ igi tàbí lẹ́yìn ògiri. Tó bá jẹ́ pé òru ni nǹkan wọlé, tó sì pa bíi mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe iṣẹ́ ẹyẹ; ẹ wá ológbò tàbí ẹranko igbó. Tó bá sì jẹ́ ẹyin ló ń sọnù, ẹ wá ejò tàbí awọ́nrínwọ́n.

Àgò adìyẹ ni mo kọ́kọ́ ń gba èèyàn nímọ̀ràn pé kó rà. Àgò tí àwọn ìyá wa ń lò yẹn kò tíì ní arọ́pò fún ẹni tó ní àgbébọ̀ kan tàbí méjì. Ẹ de ìyá àti ọmọ mọ́ abẹ́ rẹ̀ lórí koríko, ẹ gbé òkúta lé e lórí kí ewúrẹ́ má bàa yí i dànù, ẹ gbé omi sí i, kí ẹ sì máa sún un síwájú lójoojúmọ́ kí wọ́n lè rí koríko tuntun ṣá jẹ. Ẹ rí i pé apá kan rẹ̀ wà lábẹ́ òjìji.

Fún ẹni tí tirẹ̀ pọ̀, àwọ̀n ló kàn. Àwọ̀n ẹja àtijọ́ tó ti gbó kò wọ́n. Ẹ na án sórí òpó mẹ́rin tó ga ju orí yín lọ, kí ó le dáadáa, kó má ṣe rọ̀ sísàlẹ̀, torí inú àwọ̀n tó bá rọ̀ ni ẹyẹ máa ń há sí, tí yóò sì fi ara rẹ̀ ṣèṣe. Ojú ihò rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìka mẹ́ta lọ.

Àwọn tó ń jẹ́ kí adìyẹ wọn máa jẹ̀ kiri gbọ́dọ̀ ṣe ibi sásí fún un. Ọgbà tí wọ́n gbá tí wọ́n fọ̀ títí kò fi ku ewé kan ṣoṣo lórí ilẹ̀ ni àwòdì fẹ́ràn jù. Ẹ gbin ewúro, ẹ gbin ẹ̀gẹ́ tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ to pákó sórí búlọ́ọ̀kù bíi àtíbàbà tí kò ga ju orúnkún lọ. Kí ọ̀kan má jìnnà sí èkejì ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ. Ẹ ṣàkíyèsí àgbébọ̀ nígbà tó bá rí òjìji àwòdì lórí ilẹ̀: ohùn rẹ̀ á yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, á fà gùn, àwọn ọmọ á sì sá wọ abẹ́ ohunkóhun tó bá sún mọ́ wọn. Wọ́n mọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe. Ibi tí wọ́n máa sá sí ni kò sí. Awó náà dára láàárín adìyẹ, ojú rẹ̀ máa ń tètè rí nǹkan, kì í sì í dákẹ́.

Aró aláwọ̀ pọ́pù tàbí pupa tí àwọn èèyàn ń kun òròmọdìyẹ, mi ò lòdì sí i, àmọ́ kò tó láti gbára lé. Àwòdì ń kọ́ ẹ̀kọ́. Tó bá wo òròmọdìyẹ pupa fún ọjọ́ díẹ̀ láì rí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀, á gbà pé òròmọdìyẹ náà ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwo sídíì tí a so kọ́, tàbí okùn kásẹ́ẹ̀tì tó ń dún nínú afẹ́fẹ́. Ẹ máa ṣí wọn nípò lẹ́yìn ọjọ́ méjì mẹ́ta, kí ẹ sì lò wọ́n pọ̀ mọ́ àgò àti igi.

Ohun kan wà tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe láéláé: ẹ má bu òtàpíàpíà tàbí májèlé eku sára òkú òròmọdìyẹ kí ẹ gbé e sílẹ̀ fún àwòdì. Ajá aládùúgbò á jẹ nínú rẹ̀. Igún á jẹ nínú rẹ̀. Ọmọ kékeré lè fọwọ́ kàn án. Ẹlòmíràn sì lè gbé ẹyẹ tó kú náà lọ sun jẹ láì mọ ohun tó pa á.

Níbi tí a ti ń ta oúnjẹ

Ẹni tó ń dín ẹja tàbí tó ń ta súyà ní gbangba nígbà ẹ̀ẹ̀rùn mọ ìwà àwòdì: ẹ̀yìn ló ń gbà wá, á fi ẹsẹ̀ já ẹja kúrò lórí igbá, kó tó di pé ẹ yíjú padà ó ti lọ. Ó máa ń jẹun nínú òfuurufú, á gbé ẹsẹ̀ sí ẹnu láì bà sílẹ̀. Ẹ fi agboòrùn ńlá bo orí igbá, ẹ fi àwọ̀n bò ó, kí ẹ má sì máa ju ìfun àti orí ẹja fún un bí àwọn kan ṣe ń ṣe torí eré. Ẹyẹ tí ẹ bá fún lóúnjẹ lónìí á gba tipátipá lọ́la lọ́wọ́ ọmọ tó ń jẹ búrẹ́dì lọ sílé ìwé.

Tó bá kọ́ ìtẹ́ sí tòsí

Orí igi gíga àti orí òpó ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ni àwòdì ń kọ́ ìtẹ́ sí. Igi gbígbẹ ni yóò fi to ó, á wá kó àkísà, bébà àti ọ̀rá sínú rẹ̀. Ẹyin rẹ̀ sábà jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, á sì tó nǹkan bí oṣù kan kó tó pa wọ́n, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí àwọn ọmọ tó fò. Láàárín àsìkò yẹn ló lè máa já lu orí àwọn tó ń kọjá lábẹ́ igi. Ẹ̀rù ló ń bà á fún ọmọ rẹ̀. Ẹ gba ọ̀nà mìíràn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, ẹ ṣí agboòrùn, tàbí kí ẹ kọjú sí i bí ẹ ṣe ń kọjá, torí ẹ̀yìn ló fẹ́ràn láti gbà kọlu èèyàn. Ẹ má gun igi náà. Ẹ má gé e títí tí àwọn ọmọ á fi fò.

Òwìwí nínú àjà

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń le jù nílẹ̀ wa. Mo mọ ohun tí àwọn ìyá wa ń sọ nípa ẹyẹ òru, n kò sì ní fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ni kí ẹ lọ wo ilẹ̀ lábẹ́ ibi tó ń gbé, ní ọ̀sán, kí ẹ tó pinnu ohunkóhun.

Ẹ ó rí àwọn nǹkan dúdú róbótó tó gùn tó àtàǹpàkò. Tó bá ṣì tutù, á máa dán. Kì í ṣe ìgbẹ́. Òwìwí máa ń gbé eku mì lódindi, á wá pọ ohun tí ikùn rẹ̀ kò lè dà jáde láti ẹnu. Ẹ da omi lé ọ̀kan lórí, ẹ fi igi tú u. Irun eku ló yí i ká, egungun funfun kéékèèké ló wà nínú rẹ̀, ẹ ó sì rí párì eku pẹ̀lú eyín iwájú rẹ̀ gígùn tó pọ́n bí ọsàn. Nígbà mìíràn orí eku méjì tàbí mẹ́ta ló máa wà nínú ẹyọ kan ṣoṣo. Ohun tó wá ṣe nínú ilé yín nìyẹn.

Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, pàápàá agbègbè Ọ̀wọ̀, ibà Lassa kì í ṣe ìtàn. Eku ló ń gbé e wọlé, nípasẹ̀ ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ lórí gààrí, ìrẹsì àti àwo tí a kò bò. Ẹyẹ tó ń kó eku jáde láti àárín wa lóru, láì gba kọ́bọ̀, kò yẹ kí a máa sun ún níná.

Ìró tó ń dẹ́rù bani lókè àjà, tó jọ ti ẹni tó ń hanrun tàbí ejò tó ń fín, àwọn ọmọ òwìwí ló ń béèrè oúnjẹ. Wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ di àfẹ̀mọ́júmọ́. Tí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ má tíì dí ihò, torí àwọn ọmọ á kú sínú àjà, òórùn wọn á sì lé yín jáde. Nǹkan bí oṣù méjì ni wọ́n fi ń dàgbà dé ìgbà tí wọ́n ń fò. Tí àjà bá ti dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ẹ dúró síta ní ìrọ̀lẹ́, ẹ wo ẹyẹ náà bó ṣe ń jáde, ẹ fún un tó wákàtí kan lẹ́yìn tí ilẹ̀ ṣú, kí ẹ wá fi pákó tàbí wáyà dí ihò náà.

Tí ẹ bá fẹ́ kí ó máa bá yín lé eku lọ láì gbé inú ilé, ẹ kan àpótí pákó tó fẹ̀ dáadáa, kó gùn tó ọgọ́ta sẹ̀ǹtímítà, kí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ so ó mọ́ igi tó jìnnà sí yàrá tí ẹ ń sùn. Ẹ má lo májèlé eku lásìkò yẹn. Eku tó jẹ májèlé kì í kú lójú ẹsẹ̀, á máa rìn tagétagé ní gbangba, òun sì ni òwìwí máa kọ́kọ́ gbé. Ẹ dẹ tàkúté, ẹ ro igbó ẹ̀yìn ilé, ẹ kó àgbàdo àti ìrẹsì sínú ike tó ní ìdérí.

Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá àjà tó gbẹ. Ẹ bo imú, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi omi bílíìsì wọ́n ibẹ̀ kó rin gbingbin, ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ tó kó o.

Ẹyẹ tó ṣèṣe

Ẹsẹ̀ ló ń ṣe èèyàn léṣe lára wọn, ju ẹnu lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ìyókù á rọrùn.

Ẹ wá páálí tó fẹ̀ ju ẹyẹ náà lọ díẹ̀, ẹ lu ihò kéékèèké sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ tẹ́ aṣọ sísàlẹ̀. Ẹ lé àwọn ọmọ àti ajá kúrò. Ẹ gba ẹ̀yìn rẹ̀ lọ, ẹ ju aṣọ ìnura tó nípọn bò ó látorí dé ìrù. Bí ojú rẹ̀ bá ti ṣókùnkùn, ara rẹ̀ á rọlẹ̀. Ẹ tẹ apá rẹ̀ méjèèjì mọ́ ara, ẹ wá ẹsẹ̀ méjèèjì láti abẹ́ aṣọ, ẹ dì í mú lókè èékánná, kí ẹ gbé e sínú páálí. Ẹ pa á dé, ẹ gbé e sí ibi tó dákẹ́, tó ṣókùnkùn, tí oòrùn kò pa.

Tó bá ti fi èékánná di ọwọ́ yín mú, ẹ má fà á. Iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń fún nígbà tí orúnkún rẹ̀ bá ká. Kí ẹlòmíràn rọra na ẹsẹ̀ náà tààrà, ìka á sì tú. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ lọ gba abẹ́rẹ́ àìperí (tetanus) ní ilé ìwòsàn.

Ẹ má da omi sí i lẹ́nu, á wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ẹ má fún un ní búrẹ́dì, wàrà tàbí ògì. Ẹ má so okùn mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ kí àwọn ọmọ máa wò ó. Tó bá jẹ́ pé gíláàsì fèrèsé ló kọlù, wákàtí díẹ̀ nínú páálí lè tó. Ẹ gbé e lọ sí gbangba, ẹ ṣí i, tó bá fò lọ, ó parí. Tí apá rẹ̀ bá rọ̀ tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde, ilé ìwòsàn ẹranko ló kàn. Èyí tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ti FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀, ní Abẹ́òkúta wà lára àwọn tí a lè gbé e lọ.

Tí ọmọ òwìwí tàbí ọmọ àwòdì bá jábọ́, tí kò sì ṣèṣe, ẹ dá a padà sínú ìtẹ́, tàbí kí ẹ gbé e sínú apẹ̀rẹ̀ kí ẹ so ó mọ́ igi náà. Àwọn òbí rẹ̀ kò ní kọ̀ ọ́ torí pé ọwọ́ èèyàn kàn án.

Òkú ẹyẹ yàtọ̀. Àrùn lukúlukú adìyẹ tí wọ́n ń pè ní H5N1 wọ Nàìjíríà ní 2006, orílẹ̀-èdè wa sì ni ibi àkọ́kọ́ tí wọ́n ti rí i nílẹ̀ Áfíríkà. Tí ẹ bá rí òkú ẹyẹ apẹranjẹ, pàápàá tó bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ má fọwọ́ lásán kàn án, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ ké sí dókítà ẹranko ti ìjọba ìbílẹ̀ yín.

Igún

Àwọn bàbá wa ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọrí. Àwọn àgbà àárín wa rántí ìgbà tí igún máa ń tò sórí òrùlé odò ẹran. Ẹ bojú wòkè lónìí. Ní 2015 ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò ẹ̀dá inú igbó, gbé igún orí pípá tiwa yìí sí ipò àwọn tó kù díẹ̀ kí wọ́n parẹ́ pátápátá. Ẹyin kan ṣoṣo ló ń yé lásìkò kan, nítorí náà èyí tí wọ́n bá pa kì í tètè ní arọ́pò. Májèlé ló ń pa wọ́n jù, àti ọjà orí àti ẹ̀yà ara wọn fún oògùn. Ní Guinea-Bissau ní 2020, ó ju ẹgbẹ̀rún méjì (2,000) igún lọ tí májèlé pa. Ó dùn mí gan-an pé àwa tí a ní irú òfin bẹ́ẹ̀ lẹ́nu la tún ń rà wọ́n lọ́jà.

Nàìjíríà wà nínú CITES, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó, àdéhùn náà sì kan àwòdì, àṣá, idì, igún àti òwìwí: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé wọn kọjá ẹnubodè láì gbàṣẹ, láàyè tàbí lókùú. Tí wọ́n bá gbé ọ̀kan wá fún yín pé kí ẹ rà á kí ẹ lè dá a sílẹ̀, ẹ má rà á. Owó yín ni wọ́n máa fi dẹ òmíràn.

Ohun tí ẹ lè ṣe tó wúlò ni kí ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀: ọjọ́, àkókò, àdúgbò, iye ẹyẹ, ohun tó ń jẹ, àti àwòrán tí ẹ bá rí yà láti òkèèrè. Àwọn tó ń ṣe Nigerian Bird Atlas Project, iṣẹ́ yíya àwòrán ilẹ̀ ibi tí ẹyẹ wà ní Nàìjíríà, ń gba irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ará ìlú. Tó bá jẹ́ ìtẹ́ igún lẹ rí, ẹ má gbé ibi tó wà sórí Facebook tàbí WhatsApp, torí àwọn tó ń wá igún tà náà ń kà á.